Ọkọ̀ Wimbi àti Ẹja Olórúkọ Mẹ́rin

Nínú ọkọ̀ Wimbi,
Èbúté Kigoma,
Tanzania.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Skolastika,

Mo kí yín o. Mo kí Baba Odilia ọkọ yín, mo kí Odilia àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní Kasanga nínú àlàáfíà, kí orúnkún Baba Odilia ti gbọ́ ti oògùn tí mo fi ránṣẹ́, kí òòrùn sì máa ràn dáadáa sórí àtẹ ẹja yín. Ní tèmi, ara mi le, mo ń jẹun, mo tilẹ̀ sanra díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé mo gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sórí àpáta. Ẹ má bínú pé mi ò pè yín lórí fóònù. Fóònù Kasanga máa ń já níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, èyí tí mo sì fẹ́ sọ yìí dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Wimbi ni. Mo mọ̀ yín, ẹ ó ti fẹ́ ṣí ìwé yìí sí ìparí láti wò ó bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, bí ẹ bá sì fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, ẹ ò ní mọ bó ṣe wọlé.

Ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ni ọkọ̀ yìí: àwa Tanzania, Burundi, Kongo àti Zambia. Adágún kan ṣoṣo ló da gbogbo wa pọ̀, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa bá gbogbo wa yẹ omi náà wò, kí owó ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ fi gbólóhùn kan sí i, pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ san tirẹ̀ kí àwọn yòókù tó san. Wọ́n fẹ́ kó dọ́gba. Ó sì dọ́gba lóòótọ́: kò sẹ́ni tó san. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àna tó ń bọ̀wọ̀ fún àna, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé," "Rárá o, ẹ̀yin ni," títí oúnjẹ fi tutù nínú ilé. Fún ọdún méjì, Wimbi ò kúrò ní èbúté. Àwa òṣìṣẹ́ ń kùn ún lọ́dà, nítorí pé ọ̀dà nìkan ló kù nínú yàrá ìkẹ́rù. Bí ẹ bá fi èékánná ha ara ọkọ̀ náà lónìí, yóò pẹ́ kí ẹ tó kan irin.

Nínú lẹ́tà yín tó kọjá, ẹ bi mí pé, "Ọkọ̀ wo ló ń jáde lọ sínú omi, tó ń kó ẹja, tó ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń dà á padà? Ṣé ẹja ló fẹ́ rán aṣọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ka á fún gbogbo ọkọ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dùn mí. Ẹ wò ó, nígbà tí wọ́n ti adágún pa lọ́dún tó kọjá kí ẹja lè rí àyè bímọ, Baba Odilia jókòó sílé, àwọ̀n rẹ̀ wà lára ògiri, ẹ sì ta kẹ̀kẹ́ ọmọ yín. Ẹ fara mọ́ ọn, nítorí wọ́n ní ẹja ń bímọ. Ṣé lóòótọ́ ló ń bímọ nígbà náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n fojú dá a ni. Ọkọ̀ tó yẹ kó lọ wò ó wà ní èbúté, a ń kùn ún lọ́dà.

Orílẹ̀-èdè kan ò sì lè dá a wò. Ẹja wa kékeré yìí máa ń jẹun ní omi Kongo, á sùn ní tiwa, á lọ yé ẹyin sí ti Zambia, kò sì sí ìwé ìrìnnà kankan lára rẹ̀. Bí ìlú kan bá dá tirẹ̀ kà, ìrù ló rí, kò rí orí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ju pípàdánù iṣẹ́ mi lọ nìyẹn: kí wọ́n tún wá ti adágún pa, kí wọ́n tún fojú dá a, kí ẹ sì tún máa wá ohun tí ẹ ó tà.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n wá sọ fún wa pé bí àwọn aṣojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá fẹnu kò nínú ìpàdé tó ń bọ̀, títà ni wọn ó ta Wimbi. Ẹni tó máa rà á ti wà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Maulidi ni, ẹni tó ni ilé ọtí tó wà lọ́nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé ọtí orí omi. Ó mú téèpù ìwọ̀n wá, ó sì bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá àyẹ̀wò wa, nítorí pé ọmọlúàbí ni. Ó wọn tábìlì tí a ti ń wo omi, ó ní, "Fíríìjì á gbà síbí." Ó wọn ibùsùn mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ṣé o lè gbé àwo ọtí kó má dà nù tí omi bá ń ru?" Mo ní mo gba ìwé ẹ̀rí Pólì nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwádìí. Ó ní, "Ìyẹn ò burú. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn ọ̀mọ̀wé."

Ìpàdé náà bọ́ sí ìgbà òṣùpá kíkún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí apẹja tó ń jáde nígbà náà, ẹja kì í wá bá fìtílà tí òṣùpá bá ń ràn. Nítorí náà gbogbo apẹja Kigoma wà nílé láìríṣẹ́ ṣe, wọ́n sì wá jókòó sábẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn ìpàdé bí ẹni wá wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá wa nínú ọkọ̀, Dókítà Spesiose Nizigama, jókòó sápá kan. Ọmọ Burundi ni, obìnrin kúkúrú kan tí kì í parọ́, kódà bí ẹni tó gbà á lálejò bá bi í bóyá ọbẹ̀ dùn. Akọ̀wé ìpàdé lọ síbi ìsìnkú, wọ́n sì ní kí n wá máa tẹ ìwé, nítorí pé èmi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ gbá a létí.

Gbogbo nǹkan lọ geere títí wọ́n fi ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí yóò máa ṣe ìwádìí ẹja dagaa." Aṣojú Zambia, Ọ̀gbẹ́ni Sinyangwe, ọkùnrin gíga kan láti ilé ìṣúra wọn, bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, kò sí dagaa ní Zambia." Ó tún ní, "Kapenta la ní. Bí mo bá mú ìwé yìí délé pé mo fi owó ìlú wá dagaa kiri, ọ́dítọ̀ á bi mí pé ta ló ń jẹ́ dagaa. Ẹ̀wọ̀n ni mò ń wò lókèèrè yẹn o."

Aṣojú Kongo, àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Papa Kashindi, fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ta ló bi yín ní kapenta? Ndakala lorúkọ tí Ọlọ́run sọ ọ́." Arábìnrin tó ṣojú Burundi ní ndagala ni, pé àwọn Kongo ni kò lè pè é dáadáa. Aṣojú tiwa ní Tanzania ní ilé wa ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, oúnjẹ wa ni wọ́n ń jẹ, nítorí náà dagaa ni. Apẹja kan kígbe láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ kúkú pè é, ẹ wo orúkọ tó máa dáhùn!" Wọ́n ní kí ọlọ́pàá ti fèrèsé. Ọlọ́pàá ní ooru á pa òun.

Àríyànjiyàn náà wọ ọ̀sán. Wọ́n gbé òkèlè ugali àgbàdo wá pẹ̀lú ẹja náà gan-an, wọ́n fi epo pupa Kigoma sè é, ó ń tàn yanran. Papa Kashindi tọ́ ọ wò, ó di ojú, ó ní, "Háà, ndakala rèé." Ọ̀gbẹ́ni Sinyangwe ń lá ìka, ó ní, "Papa, ẹ jẹ kapenta yín, ẹ má jẹ́ kó tutù." Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá, wọ́n fi ugali nu àwo. Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́, wọ́n padà sórí tábìlì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ohun tó wà nínú ikùn wọn.

Níkẹyìn alága ìpàdé ní kí n kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i kí gbogbo ènìyàn lè sinmi. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí: "dagaa tàbí ndagala tàbí ndakala tàbí kapenta." Mo rò pé mo ti gbọ́n. Papa Kashindi gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wò mí. Ó ní, "Tàbí kẹ̀? Ọmọkùnrin, ta ni bàbá rẹ? 'Tàbí' lọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi máa ń sọ lọ́jọ́ tí ẹran ò bá sí nílé: ẹ̀wà tàbí ewé ẹ̀gẹ́. Ṣé ndakala ló wá di ewé ẹ̀gẹ́?" Ọ̀gbẹ́ni Sinyangwe ní, "Papa sòótọ́. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n fi kapenta sí, lẹ́yìn 'tàbí' mẹ́ta, bí ọmọ tí wọ́n bí sílé tí oúnjẹ ti tán." Arábìnrin Burundi ní ìwọ̀sí ni. Papa Kashindi wá sọ pé, "Yọ 'tàbí' dànù. Fi 'àti' sí i. 'Àti' lọ̀rọ̀ tó lọ́wọ̀."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Láti ọdún méjì, ohun àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́: "ẹja dagaa àti ndagala àti ndakala àti kapenta." Mo rí Dókítà Nizigama tó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó bojú wo ìta, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Maulidi ti ń fi ọwọ́ han ọ̀gá káfíńtà kan ibi tí wọ́n máa kan káńtà ọtí sí lórí ọkọ̀ wa. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Wọ́n fọwọ́ síwèé, ìpàdé túká.

Ìwé náà dé àwọn ilé ìṣúra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe ọmọ etí adágún. Wọ́n kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n rí ẹja mẹ́rin. Ohun tí wọ́n fi ń dúró de ara wọn kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kí ló kan Zambia bóyá Kongo san ti ndakala tàbí kò san? Kí onílé gbọ́ ti ilé rẹ̀. Zambia ló kọ́kọ́ sanwó, wọ́n ní ó yá àwọn lára kí wọ́n má baà fi kapenta ṣe ìgbẹ̀yìn. Burundi gbọ́, wọ́n san. Ìjọba tiwa gbọ́ pé àlejò ti san kí onílé tó san, ojú tì wọ́n, wọ́n san. Kongo san, wọ́n fi lẹ́tà kan sí i pé kí a ṣọ́ra kí ndakala má dà pọ̀ mọ́ àwọn ẹja yòókù nínú garawa.

Mo ń jó lórí ọkọ̀. Gbogbo wa ń jó. Dókítà Nizigama ní kí a jókòó. Ó ní, "Ẹja kan ni. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, oorun ò sì kùn mí láti ìgbà náà. Mi ò lè fi irọ́ wọ inú omi lọ wá òótọ́. Mo máa kọ̀wé sí wọn." Ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a lọ, kí a bọ̀, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́." Ẹlẹ́ńjìnnì wa ní kí wọ́n jẹ́ ká pè é ní ìbẹ́rin. Síbẹ̀, Dókítà kọ ìwé náà, ó kọ ọ́ kedere: ẹja kan, orúkọ mẹ́rin, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí a ṣe sí owó yín. Ó fi ránṣẹ́ sí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó náà wà nílẹ̀, kò jẹ́ kí a fi ra ẹ̀kán epo ẹ́ńjìnnì kan. Ọ̀gbẹ́ni Maulidi gbọ́, ó sì padà wá wọn fèrèsé fún aṣọ ìkélé.

Mi ò lè jẹun ní àkókò yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbẹ bí ẹ ṣe máa ń sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Sinyangwe ló kọ́kọ́ fèsì. Orí fóònù ló ti pè, Dókítà sì ṣí i sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin ń sọ fún mi pé ẹja kan ni? Èmi tí ìyá mi ń sá a sórí yanrìn Mpulungu kí wọ́n tó bí mi? Mo mọ̀. Ọ́dítọ̀ ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé yín fún ọ̀gá mi, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ṣé ohun tí ẹ ń wí ni pé a san ìdá kan, àwọn mẹ́ta tó kù wá ń bá wa san ìyókù lórí kapenta wa? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, 'Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀! Sọ fún obìnrin yẹn kó tètè lọ kí ojú wọn tó là!'"

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun kan náà làwọn mẹ́ta yòókù fi ránṣẹ́, pẹ̀lú èdè tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olúkúlùkù ti ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé owó ìdá kan lòun san, odindi iṣẹ́ lòun máa gbà. Olúkúlùkù rò pé òun ló rẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù jẹ. Inú gbogbo wọn dùn. Dókítà jókòó sórí okùn ọkọ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ ń sọ náà nìyí! Ohun tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lóye rẹ̀ láti ọdún méjì nìyí!" A ní bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká tan ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n fi ohun kan ṣoṣo dè wá: ilé ìṣúra kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní orúkọ ẹja tirẹ̀ lára èèpo. Nítorí náà a máa ń kọ ìwé kan, a ó sì fi èèpo mẹ́rin bò ó. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

A ti lọ, a ti bọ̀. A gba òkè lọ dé etí omi Burundi, a gba Kongo sọ̀ kalẹ̀ dé Mpulungu, a gba ọ̀dọ̀ yín padà. Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá ẹja máa ń yà wọ́n sórí gíláàsì bí ìkùukùu. Níbi ààlà, ẹlẹ́ńjìnnì wa á bọ́ síta, á kígbe pé, "Ẹ kíyè sí i o, ó ti di kapenta!" Ìkùukùu náà ò tilẹ̀ yí ọ̀nà padà. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja, ibẹ̀ la ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka ti igi nínú ìtí. Mo jókòó tì wọ́n títí ojú mi fi ń ta. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹja tó wà lápá gúúsù lọ́dọ̀ yín ni wọ́n ti bí kí wọ́n tó ti adágún pa rárá. Ìyẹn ni pé Baba Odilia jókòó sílé nígbà tí ìkómọ ti parí. Dókítà ní ìrìn kan kò tó láti fi ṣòfin, pé a gbọ́dọ̀ tún lọ títí ọdún á fi yípo. Owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Kí wọ́n tó tún ti adágún pa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ka ohun tí a rí, ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì tì í lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó yẹ. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún Baba Odilia pé wọn ò ní fojú dá a mọ́.

Ẹ má bínú pé a ò dúró ní Kasanga. Kí Wimbi tó lè dúró níbi tí kò sí nínú ètò, ìbuwọ́lùwé mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n mo bọ́ sórí ọkọ̀, mo dì mọ́ irin, mo sì rí àwọn àtẹ ẹja tó ń dán lóòrùn bí owó tuntun. Obìnrin kan tó wé gèlè yẹ́lò wà níbẹ̀. Mo juwọ́ sí i. Ó gbé ajọ̀ rẹ̀ sókè, ó fi í juwọ́ padà sí mi, ó tún pariwo ohun kan tí n kò gbọ́, àmọ́ ó jọ èébú. Mo rò pé ẹ̀yin ni. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ bá mi kí i, kẹ́ ẹ sọ fún un pé inú mi dùn títí a fi dé ilé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òòrùn àti òjò mọ àkókò wọn lọ́dọ̀ yín. Kí àwọ̀n Baba Odilia máa wúwo bọ̀ wálé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Kí Odilia ṣe dáadáa nínú ìdánwò rẹ̀, kó má sì fẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọn kì í tètè sanwó fún wọn. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún wa.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Yusto Gwimile.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí Dókítà pè mí wá wo lẹ́tà kan. Orílẹ̀-èdè karùn-ún fẹ́ bá wa dá sí ọkọ̀ náà. Adágún wa ò kàn wọ́n rárá. Wọ́n jẹ́wọ́ pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn, kò sì ní orúkọ kankan ní èdè àwọn, ṣùgbọ́n àwọn lówó, àwọn sì fẹ́ràn ìmọ̀. Wọ́n ń bèèrè bóyá a lè gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Dókítà Nizigama kà á tán, ó ní kí n dá wọn lóhùn kíákíá pé irú ẹja aláìlórúkọ yẹn gan-an la ti ń wá látijọ́.